Ṣé Òkèlè Ló Ń Mú Ni Sanra?

Bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ fọn lóde òní, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé kó pa òkèlè tì. Ìbáà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ló ń gbé, ìbáà jẹ́ àárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan náà ni wọn yóò rò fún un: iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì ni ọ̀daràn, ẹran, ẹyin àti ọ̀rá kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe tuntun. Ní 1863, William Banting, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ètò ìsìnkú ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé pélébé kan jáde nípa bí òun ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìsanrajù. William Harvey tó jẹ́ dókítà rẹ̀ ló ní kó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ṣúgà, ọ̀dùnkún òyìnbó àti bíà, Banting sì fi ohun tó lé ní 20 kílò sílẹ̀. Ní 1972, Robert Atkins, dókítà ọkàn ní New York, tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nínú ìwé tó tà bí ẹni ta omi lásìkò ọ̀dá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Èrò mi ni pé òkèlè wà lára àwọn aláìṣẹ̀ wọ̀nyẹn, tàbí ká kúkú sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ẹni tó dín òkèlè kù lè fọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi fọn kọ́ ni ìdí tí wọ́n sọ fún un, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí náà yóò máa gé ohun tí kò yẹ kó gé, yóò sì máa fi ohun tó yẹ kó gé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu olùfisùn. Sítáàṣì tó wà nínú iṣu, gbágùúdá, ìrẹsì àti àgbàdo kò ju ẹyọ gúlúkóòsì tó so kọ́ra lọ jàǹrẹrẹ. Nígbà tí òkèlè bá dé inú ìfun, ara a tú u palẹ̀, gúlúkóòsì náà a sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn ikùn a tú ínsúlíìnì jáde. Ínsúlíìnì ló ń sọ fún ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ pé kí wọ́n gba gúlúkóòsì wọlé. Òun kan náà ló sì ń sọ fún ibi tí ọ̀rá wà pé kó má tíì tú ọ̀rá sílẹ̀. Títí dé ibí yìí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ohun tí Gary Taubes kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2007, tí David Ludwig ti Yunifásítì Harvard náà sì ń gbèjà rẹ̀: pé níwọ̀n ìgbà tí ínsúlíìnì ti ń dá ọ̀rá dúró, ẹni tó ń jẹ sítáàṣì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ti ti ọ̀rá rẹ̀ mọ́lé, ebi yóò máa pa ìyókù ara rẹ̀, yóò sì máa jẹun sí i. Lójú wọn, kì í ṣe pé ènìyàn jẹun jù ló fi sanra. Sísanra tó ń sanra ló mú un jẹun jù. Àlàyé náà dùn létí. Ó tún gba ẹni tó sanra lọ́wọ́ àwọn tó ń pè é ní alájẹkì, èyí tí n kò fojú kékeré wò.

Àlébù ibẹ̀ ni pé wọ́n ka ìṣẹ́jú kan sí ọjọ́ kan. Lóòótọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rá kì í jáde. Ṣùgbọ́n láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, àti ní gbogbo òru tí ènìyàn fi sùn, ínsúlíìnì a lọ sílẹ̀, ọ̀rá a sì tú jáde. Àgbẹ̀ tó bá ń ti ilẹ̀kùn àká rẹ̀ lọ́sàn-án tó ń ṣí i lálẹ́ mọ̀ pé iye iṣu tí yóò kù lópin ọdún kò sí lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ó wà lọ́wọ́ iye tó kó wọlé àti iye tó kó jáde. Yàtọ̀ sí èyí, ẹran àti ẹja náà ń gbé ínsúlíìnì sókè: Susanne Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní Sydney ní 1997, bẹ́ẹ̀ sítáàṣì kankan kò sí nínú ẹran màlúù. Ara ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ sítáàṣì di ọ̀rá bí a ti ń rò. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé, bí sítáàṣì bá pọ̀, ara a kọ́kọ́ sun ún, a sì fi ọ̀rá tó bá oúnjẹ náà wá pa mọ́. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ wa, ọ̀rá tí a jẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kí wá ló dé tí ẹni tó pa òkèlè tì fi ń rí àyípadà láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Òṣùwọ̀n ló ń tàn án. Ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara àgbàlagbà ń tọ́jú nǹkan bí 500 gíráàmù gláíkójìn, èyí tí í ṣe gúlúkóòsì tí ara fi pa mọ́ de ìgbà àìní, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Bí sítáàṣì bá dáwọ́ dúró, ara a sun gláíkójìn náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi rẹ̀ a sì bá ìtọ̀ jáde. Kílò méjì ti lọ, ọ̀rá kò tíì mira. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Ẹni tó bá ní òun fi kílò mẹ́ta ọ̀rá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ń sọ pé òun sun 23,000 kálórì ju èyí tí òun jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í sun ju 2,000 sí 2,500 lọ lóòjọ́ kan. Bí kò tilẹ̀ fi omi tọ́nu débi oúnjẹ, kò lè rí 23,000 sun. Bákan náà ni nígbà tó bá lọ sóde ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó jẹ iyán: kílò kan ààbọ̀ yóò ti padà kó tó di ọjọ́ Ajé, yóò sì fi òṣùwọ̀n náà ṣe ẹ̀rí pé iyán ni ọ̀tá òun. Omi ló padà wálé.

Láti mọ òótọ́, àfi ká rí ẹni tó gbà kí wọ́n ti òun mọ́lé, kí wọ́n wọn gbogbo ohun tó jẹ, kí wọ́n sì wọn gbogbo ohun tí ara rẹ̀ sun. Kevin Hall, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kó tó yà sídìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ṣe èyí ní ilé-ìwòsàn ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Bethesda ní Maryland. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gba inú ẹ̀rọ kọjá. Láti ara ọ́síjìn tí ènìyàn fà sínú àti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì tó mí jáde, wọ́n lè ṣírò bí ọ̀rá tó sun àti sítáàṣì tó sun ti pọ̀ tó. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 2015, àwọn 19 tó sanra jù ló wọlé. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n gé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú kálórì wọn láti ara sítáàṣì àti ṣúgà nìkan. Nígbà kejì, wọ́n gé iye kan náà láti ara ọ̀rá nìkan. Ínsúlíìnì lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gé sítáàṣì, gẹ́gẹ́ bí olùfisùn ti wí. Nígbà tí wọ́n gé ọ̀rá, kò lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ òtítọ́, nígbà àkọ́kọ́ ló yẹ kí ọ̀rá yọ́ jù. Òdì kejì ni wọ́n rí: 53 gíráàmù ọ̀rá lóòjọ́ nígbà tí wọ́n gé sítáàṣì, 89 nígbà tí wọ́n gé ọ̀rá. Ìyàtọ̀ náà kéré, Hall fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé kí gbogbo ayé lọ gé ọ̀rá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọ̀rá yọ́ láìjẹ́ pé ínsúlíìnì lọ sílẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi gé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kéré jù, pé ara nílò ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá ṣe epo. Àwíjàre tó mọ́gbọ́n dání ni. Ní 2016, pẹ̀lú owó àjọ tí Taubes fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n tún ti ọkùnrin 17 mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: mẹ́rin pẹ̀lú sítáàṣì púpọ̀, mẹ́rin pẹ̀lú èyí tí kò tó nǹkan rárá, kálórì sì jẹ́ iye kan náà. Ínsúlíìnì tí ara wọn ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ohun tí wọ́n ń sun sì fi nǹkan bí 57 kálórì péré lé sí i lóòjọ́ nínú yàrá ẹ̀rọ náà, kò tó ti bíṣíkíìtì méjì. Ìdajì kílò ọ̀rá tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 15 tó kẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń jẹ sítáàṣì, ọjọ́ 28 gbáko ni wọ́n fi rí i sun nígbà tí wọ́n pa á tì. Ludwig àti àwọn tirẹ̀ náà gbé ìwádìí ènìyàn 164 jáde ní 2018, wọ́n ní ẹni tí sítáàṣì rẹ̀ kéré ń sun nǹkan bí 200 kálórì lóòjọ́ ju ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn èyí ní àríyànjiyàn nínú, torí pé kì í ṣe yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà á fún wọn: ẹni tó ń sun 200 lé lórí lójoojúmọ́, ó yẹ kó hàn gbangba lórí òṣùwọ̀n bí ọdún kan bá yí po.

Ọdún kan yí po fún àwọn 609 tí Christopher Gardner kó jọ ní Yunifásítì Stanford, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Kò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ilé wọn ni wọ́n wà. Ó ní kí apá kan dín ọ̀rá kù, kí apá kejì dín sítáàṣì àti ṣúgà kù, ó sì kìlọ̀ fún tọ̀tún tòsì pé kí wọ́n jẹ ewébẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì sá fún ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun. Lópin ọdún, àwọn tó dín ọ̀rá kù fi kílò 5.3 sílẹ̀, àwọn tó dín sítáàṣì kù fi 6.0. Ìyàtọ̀ yìí kéré débi pé kò ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n tiẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá àbùdá ìbí tàbí bí ínsúlíìnì ẹni ṣe pọ̀ tó lè sọ ẹni tí ọ̀nà kan yóò bá lára mu ju èkejì lọ; kò sọ nǹkan kan. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé nínú apá kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan fi ohun tó lé ní 20 kílò sílẹ̀, ẹlòmíràn sì sanra sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn ju èyí tó wà láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ lọ fíìfíì. Frank Sacks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ ní 2009 láàárín àwọn 811 tí wọ́n tẹ̀lé fún ọdún méjì.

Ẹ̀rí kan tún wà tó dé láìpẹ́, tí mo sì kà sí èyí tó lágbára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bí i. Abẹ́rẹ́ semaglutide tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú kí ara tú ínsúlíìnì sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ínsúlíìnì bá jẹ́ ọ̀tá, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ náà mú ni sanra. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀; àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfìfo kò ju ìdá 2.4 lọ. Ọpọlọ ni oògùn náà bá sọ̀rọ̀: ó pa ebi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ara ẹni tó ń fọn sì ń jà padà: fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá fi sílẹ̀, ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ń lọ sókè ní nǹkan bí 100 kálórì lóòjọ́, ohun tó ń sun sì ń dín kù ní nǹkan bí 20 sí 30. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń sanra padà, kì í ṣe pé wọn kò ní ìforítì.

Bí a bá sì jáde kúrò nílé-ìwòsàn, àwọn èèyàn tó ń jẹ òkèlè lójoojúmọ́ tí wọn kò sanra wà káàkiri. Erékùṣù Kitava wà lára àwọn erékùṣù Trobriand ní Papua New Guinea. Iṣu, ọ̀dùnkún àti kókò ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ẹja, àgbọn àti èso. Nígbà tí Staffan Lindeberg, dókítà ará Swídìn, lọ bá wọn ní nǹkan bí 1990, ó ṣírò pé nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì wọn ló ń ti ara kabohaidíréètì, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà, wá. Ara wọn fẹ́lẹ́, ínsúlíìnì wọn sì kéré sí ti àwọn ará Swídìn. Àwọn kan lè ní erékùṣù náà jìnnà, iṣẹ́ oko pọ̀ níbẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti láti Ìbàdàn fi àwọn obìnrin abúlé wa wé àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Àwọn tiwa ló ń jẹ òkèlè jù. Àwọn ti Maywood ló sanra jù, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé iṣẹ́ àṣelàágùn ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ohun tí ara wọn ń sun, tí wọ́n sì yọ ti ìtóbi ara kúrò, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Bí kì í bá ṣe òkèlè, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ oko, ohun tó kù ni iye oúnjẹ tó wọlé àti irú oúnjẹ tó ń mú un wọlé. Bí ẹnìkan bá sì tún ń ṣiyèméjì, kó wo Walter Kempner, ọmọ Jámánì tó sá fún ìjọba Hitler tó sì di dókítà ní Yunifásítì Duke. Ìrẹsì, èso àti ṣúgà ni ó fi ń bọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ní 1975, ó tẹ àbọ̀ àwọn 106 jáde tí kò sí ẹni tó fi ohun tó dín sí 45 kílò sílẹ̀ nínú wọn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ìnira ni, abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n sì wà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kò dí wọn lọ́nà.

Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ lè wá bi mí pé kí ló dé tí òun fi fọn nígbà náà. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, n kò sì ní pè é ní onírọ́. Ẹni tó ní òun kò jẹ kabohaidíréètì mọ́ kò fi iyán nìkan sílẹ̀. Ó ti fi búrẹ́dì aládùn, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, míìtì-páì, bíṣíkíìtì, ṣinṣín, áísìkirímù, bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Apá ńlá nínú kálórì inú ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, òróró àti bọ́tà ni, kì í ṣe sítáàṣì. Síbẹ̀ iyán ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin, ẹja àti ẹran dáadáa, purotéènì sì ń pa ebi ju ṣúgà àti ọ̀rá lọ. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn kítóònù tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti ara ọ̀rá nígbà tí sítáàṣì bá wọ́n ń dá ebi dúró fún àwọn kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ papọ̀, oúnjẹ tó ń wọlé ti dín kù láìka kálórì kankan. Hall tún ṣe ìwádìí kan ní 2019 tó tan ìmọ́lẹ̀ síbí yìí. Àwọn 20 jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́, ìyẹn oúnjẹ inú láílọ́ọ̀nù, inú agolo àti inú páálí, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún jẹ oúnjẹ tí a sè láti ara nǹkan tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sítáàṣì, ṣúgà, ọ̀rá, okùn inú oúnjẹ àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ títí wọ́n á fi yó. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bí 500 kálórì lé sí i lóòjọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí kílò kan sanra. Nígbà tí wọ́n jẹ èyí tí a sè, wọ́n fi bẹ́ẹ̀ fọn. Wọ́n ń yára jẹ èyí àkọ́kọ́ náà ni. Iṣu sísè kò ju nǹkan bí 120 kálórì lọ nínú 100 gíráàmù. Bíṣíkíìtì lè tó 480, torí omi kò sí nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tiẹ̀ ti gbé owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú òfin ìnáwó 2021. Ọwọ́ ba ọ̀daràn gidi kan nìyẹn, bí owó náà tilẹ̀ kéré jù láti dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ti àwọn alátọ̀gbẹ yàtọ̀, kò sì yẹ kí a pa á pọ̀. Fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, iye sítáàṣì tó jẹ lẹ́ẹ̀kan ló ń pinnu bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ti ga tó, dídín òkèlè kù sì ń ràn án lọ́wọ́ tààrà, yálà ó fọn tàbí kò fọn. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń já ṣúgà wálẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dín in kù, torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò dákú. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti kí àìsàn náà fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ̀n ara ló tún jọba. Roy Taylor àti Mike Lean fi ohun mímu tí kò ju nǹkan bí 850 kálórì lọ lóòjọ́ bọ́ àwọn alátọ̀gbẹ ní Scotland àti ní Tyneside fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ láìlo oògùn. Ohun mímu náà, nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì rẹ̀ jẹ́ kabohaidíréètì. Ọ̀rá tó yọ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo àwo oúnjẹ tiwa. Ọjà ti kún fún ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó ń mú ni fọn: wíìtì, óòtì, ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Gààrí gbígbẹ ní nǹkan bí 350 kálórì nínú 100 gíráàmù. Ìyẹ̀fun wíìtì, èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò jìnnà sí i rárá. Wíìtì ní purotéènì àti okùn inú oúnjẹ ju gààrí lọ, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ro òkèlè wíìtì bí orí ọmọdé kò yàtọ̀ sí ẹni tó tẹ ẹ̀bà bí orí ọmọdé. Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tó nǹkan bí 120 kálórì, nítorí náà ṣíbí mẹ́ta tó léfòó lórí ẹ̀fọ́ rírò ti dọ́gba pẹ̀lú 100 gíráàmù gààrí. Ẹ̀gúsí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, bó tilẹ̀ ní purotéènì tó pọ̀ pẹ̀lú. Ilá àti ewédú kò ní nǹkan kan lọ́rùn bí epo kò bá pọ̀ nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà pé òkèlè jẹ̀bi rẹ̀ ni pé a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu: a ń gbé e mì ni, ó múlọ́, ó yára sọ̀kalẹ̀, ó sì rọrùn kí ènìyàn ti jẹ ìlọ́po méjì kó tó mọ̀ pé òun ti yó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà, àgbàdo sísè àti iṣu sísè tí a ń jẹ lẹ́nu fi lè tètè yó ni ju òkèlè tó ní kálórì kan náà lọ. Ẹni tó bá gé òkèlè rẹ̀ sí ìdajì, tó wá fi ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà dí àlàfo rẹ̀, ti dín kálórì kù, kò sì ní fi ebi sùn. Ẹni tó gé e kúrò pátápátá, tó fi ẹran dídín àti ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ń dán rọ́pò, tó tún fi ṣinṣín panu nígbà tí ilẹ̀ ṣú, lè máà dín ohunkóhun kù.